Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bí mo ṣe máa sọ ìtàn Bessie Coleman fún àwọn ọmọdé

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ ọdún 10 sí 12 sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ wọn. Bessie Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú, ló wù mí jù. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà kò gbà á, torí pé ó jẹ́ obìnrin, ó sì tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ló bá kọ́ èdè Faransé, ó kó owó jọ, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1921. Akin obìnrin ni!

Àmọ́ ní 1926, ó já bọ́ láti inú bàálù, ó sì kú.

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Ṣé kí n sọ ikú yẹn fún wọn? Lójú tèmi, ẹni tó bá ń pe èèyàn ní ẹni àkọ́kọ́ láì sọ ẹni tó tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ìtàn rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìyà nìkan ni ìtàn aláwọ̀ dúdú.

Mo ronú pé kí n fi Mae Jemison parí rẹ̀. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú, ní 1992, ó sì mú àwòrán Bessie dání lọ. Àbí èyí á mú kí ikú Bessie dà bí ohun kékeré? Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?