Orin tí kò kúrò lẹ́nu: kí ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Olórin kan ló gbé ìbéèrè yìí síwájú wa. Ó fẹ́ máa lo ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá àti ọpọlọ ti rí láti fi ṣẹ̀dá orin Yorùbá, ó sì ní kí a wá ọ̀rọ̀ fún òun fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní earworm, ìyẹn abala orin kan tó máa ń sọ sí ni lọ́kàn láìjẹ́ pé a pè é, tí yóò sì máa yí po níbẹ̀ títí tí yóò fi sú ni. Èsì méjì ló ti wọlé. Ẹnì kan ní ká pè é ní “kòkòrò etí”, ẹlòmíràn ní “orin àìpè”. Mo ka àlàyé àwọn méjèèjì dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ní ti “kòkòrò etí”, èdè Jámánì ni àfiwé yẹn ti wá, wọ́n ń pè é ní Ohrwurm, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yá a bó ṣe wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sọ pé kòkòrò wà ní etí òun, oògùn ló ń wá. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé etí kọ́ ni nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Dartmouth College, ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣẹ́ ọpọlọ, wọ́n ń fi orin sí wọn létí, wọ́n sì ń pa ohùn orin náà fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Nígbà tó bá jẹ́ orin tí olùgbọ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, apá tí ọpọlọ fi ń gbọ́ràn kò sinmi nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, àwọn olùgbọ́ náà sì jẹ́rìí pé àwọn ṣì ń gbọ́ orin náà lọ. Orin tí wọn kò mọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá wá gbé nǹkan yìí sí etí yóò ṣi ẹni tó fẹ́ fi ìmọ̀ ṣiṣẹ́ lọ́nà.

“Orin àìpè” dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó dá a mọ̀ pé wíwá láìpè ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Àmì ohùn ni ìṣòro rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí wọ́n bá sì ti kọ “orin aipe” báyìí, àìpé tí gbogbo wa ti mọ̀ ni ojú yóò kà. Orin tí kò tíì parí ni yóò túmọ̀ sí lójú ẹni tó bá kà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ fúnra wọn láìsí ìmọ̀ràn wa. “Orin yẹn ò kúrò lẹ́nu mi látàárọ̀.” Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè má la ẹnu rárá, síbẹ̀ ẹnu ló dárúkọ. Mo ti máa ń rò pé àṣà ìsọ̀rọ̀ lásán ni, àfi ìgbà tí mo ka iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Reading, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2015. Wọ́n mú kí àwọn ènìyàn gbọ́ orin tó máa ń tètè mọ́ ni lára, wọ́n sì rí i pé orin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ padà wá sọ́kàn àwọn tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ipa ọ̀nà tí a fi ń múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ni irú orin bẹ́ẹ̀ ń gbà. Bí èrìgì àti ahọ́n bá ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, àyè orin dín kù. Àwọn baba wa tó ní “lẹ́nu” sọ ọ́ síbi tó yẹ gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “orin àìkúròlẹ́nu”. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àìsàn ni “àì” máa ń fà wọlé, bí àìlera àti àìróorunsùn. Ṣùgbọ́n àìkú ńkọ́? Àìlẹ́gbẹ́ ńkọ́? Ìyìn ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní àǹfààní fún iṣẹ́ olórin fúnra rẹ̀. Ìwádìí tí Kelly Jakubowski ti Yunifásítì Durham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016, tó lo ìdáhùn 3,000 ènìyàn, fi hàn pé orin tó sábà máa ń há síni lórí jẹ́ èyí tó yá díẹ̀, tí ìrìn ohùn rẹ̀ wọ́pọ̀, bí àpẹẹrẹ kó gòkè kó tún sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ orin ọmọdé, àmọ́ tí ibì kan wà nínú rẹ̀ tó fò tàbí tó tún ara rẹ̀ sọ ju bí olùgbọ́ ṣe retí lọ. Orin ìgbàlódé àwọn Òyìnbó ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe tiwa, ó sì yẹ kí olórin wa fi èyí sọ́kàn, nítorí ohùn orin Yorùbá kò dá wà. Bí ó bá ń fẹ́ ìrìn tó gòkè tó sì sọ̀, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣà. “Ẹ̀rín ń bọ̀” bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì tún padà sísàlẹ̀, láìsí ìpalára kankan fún ìtumọ̀. Ẹ gbé “Ayọ̀ ń bọ̀” sórí ohùn kan náà, kí sílébù kejì rẹ̀ wá gòkè, “a yọ́” ni etí yóò gbọ́, ayọ̀ yóò sì ti sọnù.

Ibi tí mo fẹ́ kí olórin náà dúró sí pẹ́ ni lílé àti ègbè. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn ará Dartmouth fi ẹ̀rọ dá sínú orin, àwọn tó ń lé orin nílẹ̀ wa ń dá a pẹ̀lú ẹnu lásán: ẹni tó ń lé orin yóò gbé gbólóhùn dé àárín, yóò sì dákẹ́, àwọn elégbè á sì parí rẹ̀. Nígbà tí olùgbọ́ bá dá wà nílé, tí kò sí elégbè, òun fúnra rẹ̀ ni ègbè. Olórin tó bá fẹ́ orin àìkúròlẹ́nu lè dán an wò kí ó gé lílé rẹ̀ síbi tí ẹnu kò ti ní lè ṣe kó má parí rẹ̀, kí ègbè náà sì kúrú tó ohun tí ènìyàn lè sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá mí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí olórin náà tún béèrè, ìyẹn ohun tó máa ń ṣe ara nígbà tí orin bá dùn dé góńgó, kò yẹ kó gba àkókò wa. “Orí wíwú” ti wà, kò sì sí ẹni tí wọ́n ti kì ní oríkì rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti àkọtọ́, mo fara mọ́ kíkọ àìkúròlẹ́nu pọ̀ láìfi àmì ìdàpọ̀ sí i. Ẹ̀yin tó ti Kétu, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, bí ẹ̀ka èdè yín bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbé e wá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí olórin náà lè gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó mú ọ̀kan.