Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà fún àwọn aṣáájú okòwò nílẹ̀ Okun: báwo ni a ṣe máa fi ọ̀rọ̀ àyíká àti ìkónimọ́ra sínú rẹ̀?

OweKabba

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò kan ní Kàbà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn oníṣòwò kajú àti kòkó, àtàwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iléeṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, láti Ìyàrà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Èèyàn 40 ni a óò gbà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní kí ẹ̀kọ́ náà kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣòwò láì ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, kí wọ́n sì lè darí ẹgbẹ́ láì yọ obìnrin, abirùn, àlejò tó ń dáko lọ́dọ̀ wa tàbí Fúlàní darandaran sílẹ̀.

Àmọ́ nínú ètò tí wọ́n kọ, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí méjì lọ, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, látẹnu àlejò kan. Kí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ okòwò tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe gan-an? Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wa o.

IsiroNiTemi

Ọ̀kún o, olùkọ́. Ẹ yọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àlejò yẹn kúrò. Ohun tí kò bá wọ inú ìṣirò, tí kò sì ní máàkì, àríyá ìparí ọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í ya ọ̀rọ̀ àyíká sọ́tọ̀. Inú ìṣirò owó, ọjà títà, owó yíyá àti ìdarí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń fi sí, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ní ráyè fò ó.

Ẹ mú iléeṣẹ́ ìfọ́ kajú kan, kí ẹ sì lò ó láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹyìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí olùrà fi ń dá iye lé, èyí tí wọ́n ń pè ní KOR: iye pọ́n-ùn ọmọ inú kajú tó dára tí a rí nínú àpò 80 kílò. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àpò méjìlá àtààbọ̀. Bí KOR bá jẹ́ 48, ọmọ kajú tó máa jáde tó kílò 272. Bó bá jẹ́ 44, kò ní ju nǹkan bíi 249 lọ. Kílò 22 àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn lórí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Kí ló gbé e lọ? Wọ́n já kajú kó tó gbó, wọn kò sá a dáadáa títí omi inú rẹ̀ á fi wálẹ̀ sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí wọ́n kó o sínú àpò ọ̀rá dípò àpò ìdọ̀họ tó ń mí, ó bá bu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé ìfiṣòfò àti èrè inú ìwé kan náà ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn náà, epo. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mu lítà 20 dísẹ́ẹ̀lì lóòjọ́, tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 25 lóṣù, ti mu lítà 500. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.68 CO2, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, jáde bó bá jó tán, nítorí náà kílò 1,340 ni ti oṣù náà. Kí wọ́n fúnra wọn lọ bèèrè iye dísẹ́ẹ̀lì ní ilé epo lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n sì fi wé owó àwọn páńẹ́ẹ̀lì oòrùn. Bí ẹ bá fún wọn ní iye tí ẹ ti kọ sílẹ̀ lọ́fíìsì, wọ́n á dà á kọ, kò sì sí ohun tí wọ́n máa kọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni ọwọ́ àwọn tó ń fọ́ kajú. Omi inú èèpo kajú ń jó awọ. Obìnrin ló sábà ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á fi òróró pa ọwọ́ tàbí kí wọ́n fi eérú kùn ún, síbẹ̀ ìka á bó. Ẹ wo ìwé ìṣirò: ọwọ́ tó bó kò sí níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ìbọ̀wọ́ mélòó lóṣù? Ọjọ́ mélòó ni ẹni tí ọwọ́ ń ta kò fi wá síbi iṣẹ́? Kajú mélòó ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí pé ẹni tó ń fọ́ ọ ń ṣọ́ ìka rẹ̀, nígbà tí odidi ń pa owó ju èyí tó fọ́ lọ? Nígbà tí wọ́n bá kó o pọ̀, wọ́n á rí i pé owó ìbọ̀wọ́ kéré sí ohun tí àìsí rẹ̀ ń jẹ. Ìdarí òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ obìnrin àti èrè ti dé sórí tábìlì kan náà, láìsí ìwàásù kankan.

Èèpo náà ńkọ́? Òun ló kó ọ̀pọ̀ ìwọ̀n kajú, inú ìgbẹ́ ni wọ́n sì ń kó o dà sí, tàbí kí wọ́n sun ún ní gbangba kí èéfín rẹ̀ máa ta ojú àwọn aládùúgbò. Ó ṣeé fi dáná ìkòkò tí wọ́n fi ń se kajú kí wọ́n tó fọ́ ọ, bí ààrò bá ní ọ̀pá tó gbé èéfín kọjá orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ kan nínú kíláàsì lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá.

Bunu_Oke

Mo gbà pẹ̀lú IsiroNiTemi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìkónimọ́ra kò parí síbi ọwọ́ bíbó. Ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé ni ìyọnisílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán alága wá, ọkùnrin ni ẹ máa gbà láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń di owó mú nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán ẹni méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin tó ń fọwọ́ kan owó tàbí ọjà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyàwó alága ni wọ́n á rán wá. Ẹ má sì bèèrè OND lọ́wọ́ ẹni tó ti ń kó tọ́ọ̀nù kajú rà láti ọdún mẹ́wàá. Ìwé owó rẹ̀ ti oṣù mẹ́ta tó.

Àkókò ńkọ́? Oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni kajú ń jáde. Bí kíláàsì bá bọ́ síbẹ̀, tàbí sí ọjọ́ ọjà, àwọn tí ẹ ń wá gan-an kò ní wá. Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀ pẹ̀lú. Aago mẹ́wàá sí aago méjì ló rọ ìyálọ́mọ lọ́rùn jù, bí yàrá kan bá wà nítòsí tí ẹnì kan ń bá wọn mójú tó ọmọ. Ẹ fi Yorùbá kọ́ wọn, kí ẹ sì sanwó fún ògbufọ̀ fún ẹni tó ń sọ Ẹ̀bìrà tàbí Fúlàní. Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀: ẹni méjì ni kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà.

Fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ abirùn, ìṣirò ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ń bá gòkè rọrùn. Fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí ẹnu ilẹ̀kùn fi ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ẹ na ọ̀nà ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Àtẹ̀gùn tó ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà ń fẹ́ ọ̀nà mítà 5.4. Àwọn kafíńtà wa sábà ń ṣe mítà méjì, wọ́n á ní ó ti tó. Kẹ̀kẹ́ á yí padà sẹ́yìn. Òfin tó dáàbò bo àwọn abirùn, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé, bó bá ti ṣeé ṣe tó, ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ abirùn. Ó yẹ kí àwọn tí ẹ ń kọ́ mọ̀ ọ́n.

Inú kíláàsì ló le jù. Ọ̀dọ́ ọdún 22 kò ní bá bàbá ọdún 60 jiyàn ní gbangba, bó ti wù kí a pòwe tó. Nítorí náà, kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ sórí ìwé láì kọ orúkọ. Ẹ kó o jọ, kí alága ọjọ́ náà kà á jáde. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ á sọ ọ́ sí olùkọ́ létí. Àwọn àgbà kò ní bínú, nítorí kò sẹ́ni tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Kí ipò alága, akápò àti akọ̀wé sì máa yí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ obìnrin ni yóò máa ṣe akọ̀wé títí oṣù mẹ́fà á fi pé.

Yagba_Agba

Bunu_Oke ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ètò ìgbàwọlé nìkan. Ẹ lè kó gbogbo ẹ̀yà jọ sínú yàrá kan kí wọ́n máà kọ́ ohunkóhun lára ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ sí ohun tí wọ́n jọ ń fà.

Ẹ lo ọ̀rọ̀ wúrà. Lágbègbè Ìsánlú, ìwakùsà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ẹ pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́fà: oníwèé àṣẹ ìwakùsà, ìdílé tó ni ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń walẹ̀, àwọn obìnrin tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò, darandaran tí màlúù rẹ̀ ń mu níbẹ̀, àti ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ìwakùsà 2007 ní kí oníwèé àṣẹ bá ará ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fún wọn ní 90 ìṣẹ́jú kí wọ́n kọ àdéhùn náà: ta ló máa dí kòtò, owó wo ló máa wà nípamọ́ fún un, ta ló máa yẹ omi wò, lẹ́ẹ̀mélòó lọ́dún. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á fi ọmọ onílẹ̀ ṣe ìdílé onílẹ̀. Ẹ yí wọn padà: kí ọmọ onílẹ̀ ṣe darandaran. Ibẹ̀ ni ojú ti ń là.

Ọbajana ò jìnnà sí yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì kọ́ wọn ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣì mú: bí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì bá tilẹ̀ pa epo rẹ̀ dà sí èyí tó mọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú CO2 rẹ̀ á ṣì wà, nítorí pé inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun ló ti ń jáde, ó tó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Aṣáájú tí kò mọ ìyẹn á na owó síbi tí kò yẹ.

Àwọn oníkòkó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ tiwọn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí igbó pípa kan kòkó, kò kan kajú. Oko tí wọ́n pa igbó fún lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá 2020, kòkó rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn bí òfin náà bá ti ń ṣiṣẹ́. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì ibi kan ṣoṣo lórí máàpù tó fún un. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ rìn yí i ká. Fóònù lásán lè ṣe é. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀kọ́ yẹn, ó sì lè mówó wọlé.

Ní ti ìlànà àgbáyé, PRME, ìlànà ẹ̀kọ́ ìdarí tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2007, wà; AACSB, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ okòwò, náà sì fi ipa tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ní láwùjọ sínú ìlànà rẹ̀ ní 2020. Ó dára fún ọ̀gá tó ń wá owó. Ìbuwọ́lùwé kò yí kíláàsì padà.

OweKabba

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, máàkì ńkọ́? Báwo la ṣe máa díwọ̀n pé ẹnì kan ń kó èèyàn mọ́ra?

IsiroNiTemi

Ẹ má díwọ̀n ọkàn, ẹ díwọ̀n iṣẹ́. Nínú máàkì 100 fún iṣẹ́ àṣekágbá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ẹ fún ìṣirò ní 35. Ẹ fi 30 sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀: ó kéré tán èèyàn mẹ́jọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àwọn tí ìpinnu náà lè pa lára, kí wọ́n sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ àti ohun tó yí padà nínú ètò wọn nítorí rẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, òdo. Ẹ fi 20 sí ìpinnu àti ìdí rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n gbà láti pàdánù. 15 tó kù, ìdáhùn ẹnu: ẹ pe ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kó ṣàlàyé ibi tí nọ́ńbà kan ti wá. Ẹnì kan ló sábà ń kọ gbogbo rẹ̀ fún ẹni márùn-ún, ibí yìí ni àṣírí á tú.

Bunu_Oke

Ẹ fi owó ọkọ̀ sínú ìṣirò ìnáwó yín fún àwọn mẹ́jọ yẹn, kí wọ́n lè wá gbọ́ àbájáde, kí wọ́n sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè. Bí wọn kò bá wá, ẹ di máàkì mú títí wọn á fi wá.