Kí ni kí àbúrò mi rà fún màmá wa láti Manchester, rọ́bà ni àbí irin?

Àbíkẹ́_Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá òsì ló mú. Wọ́n ti ń rìn báyìí, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń tì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀, àfi kí èèyàn fà wọ́n dìde. Apá òsì ń gbéra díẹ̀díẹ̀, ìka ni kò fẹ́ ṣí dáadáa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń lọ rí físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà wá ń mu wá lómi, a ti dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n ní kí a máa ṣe èyí tó kù nílé.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ní òun fẹ́ ra irinṣẹ́ ìdárayá ránṣẹ́. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀ wálé, ó sì gbà láti bá wa gbé e, àmọ́ kílò márùn-ún péré ló yọ̀ǹda fún wa nínú ẹrù rẹ̀. Ohun tí àbúrò mi kọ sílẹ̀ nìyí: dọ́ńbẹ́ẹ̀lì méjì, ìwúwo tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré tí èèyàn ń jókòó sórí àga wà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fún lọ́wọ́, okùn tí wọ́n ń gbé kọ́ òkè ilẹ̀kùn tí ọwọ́ kan á máa fi fa èkejì sókè, àti àwọn rọ́bà pẹlẹbẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi.

Èwo ni kí ó rà, èwo ni kí ó fi sílẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ẹni tó ti lò ó rí ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun kan tún kù. Màmá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìdárayá rárá. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ti ní kí wọ́n gbé nǹkan sókè, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ fi àwọn ṣe oníjàkadì ni.

BàbáOrúnkún

Àbíkẹ́, o kú ìtọ́jú màmá. Orúnkún ni tèmi, Igbóbì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i, nítorí náà fi èyí sọ́kàn bí o bá ń ka ohun tí mo kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má fi bàálù gbé irin wá sí Nàìjíríà. Irin tí wọ́n rà ní Manchester kò wúwo ju irin Owódé Onírin lọ! Kódà o ò nílò irin. Píọ̀ wọ́tà kan, 50cl ló wà lára rẹ̀, ìdajì kílò nìyẹn. Fi méjì sínú báàgì kékeré kan tó ní ìdìmú, o ti ní kílò kan. Ike omi 75cl tí a bá rọ omi kún kò tó kílò kan, ṣùgbọ́n bí iyanrìn gbígbẹ ló bá kún inú rẹ̀, ó lé ní kílò kan dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò wa ni mo ti ń wọn tèmi. Á gbé e lé òṣùwọ̀n, á ní, "Alàgbà, èló lẹ fẹ́ ta kílò kan?" Gbogbo àwọn tó wá ra títù á bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tí mo so mọ́ ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù ni: iyanrìn sínú ọ̀rá, ọ̀rá sínú ìbọ̀sẹ̀, mo wé e mọ́ òkè kókósẹ̀, mo so ó. Mo jókòó, mo na orúnkún títí tó fi gún gbọọrọ, mo dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo wá rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jẹ́ kí ẹsẹ̀ já wálẹ̀ gbì, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ìdárayá.

Rọ́bà mi, ọwọ́ fọkanáísà ni mo ti gbà á. Tìúbù ọ̀kadà tó ti bẹ́, ó fi abẹ là á ní gígùn fún mi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó le o! Ṣùgbọ́n orúnkún mi mọrírì rẹ̀.

Tóyìn_Woolwich

Ọ̀rọ̀ irin tí bàbá sọ tọ́. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn, torí a ra irú rẹ̀ fún bàbá ọkọ mi, èyí tó ń ká pọ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì níbí, jẹ́jẹ́ ló dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Abẹ́òkúta, orí táìsì ni wọ́n gbé e lé. Bí bàbá ti ń wà á ló ń sá lọ síwájú, bàbá náà ń sún tẹ̀lé e títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kúrò lórí àga. Ìgbà tí wọ́n tẹ́ rọ́bà ìnusẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti àga mọ́ ògiri, ló tó gbọ́ràn.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ wo pẹ́dàlì rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá ní bẹ́líìtì tó ń di ẹsẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tó rọ á máa yọ́ jáde ni. Àga onítáyà ò sì bá a lọ láé.

Físíò_Ọ̀ṣogbo

Ẹ káàsán. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń rí. Mi ò tíì fojú kan màmá, torí náà ẹni tó ń rí wọn lóṣooṣù ni kí ẹ fi gbogbo èyí hàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Okùn òkè ilẹ̀kùn yẹn, kí àbúrò yín má rà á. Èjìká tí rọpárọsẹ̀ bá mú, àwọn iṣan tó yẹ kó di orí egungun apá mú sínú ihò rẹ̀ ti dẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún tó lágbára bá wá ń fi okùn wọ́ ti òsì lọ sókè, èjìká ló máa fara gbá a, ìrora rẹ̀ sì lè mú kí màmá kọ gbogbo ìdárayá sílẹ̀ pátápátá. Ìlànà ìtọ́jú tí American Heart Association gbé jáde ní 2016 ní kí a má lò ó. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má ki ọwọ́ bọ abíyá wọn láti fà wọ́n dìde. Ìbàdí ni kí ẹ ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́líìtì fífẹ̀ kan wà tó ní ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń de é mọ́ ìbàdí aláìsàn, kò wúwo rárá. Ìyẹn ni kí àbúrò yín rà dípò okùn.

Ẹ̀yin náà ẹ ti sọ pé ìka kò fẹ́ ṣí. Ọwọ́ tó ti ń dì fúnra rẹ̀, kí la tún fẹ́ fi bọ́ọ̀lù kọ́ ọ ní dídì sí? Ṣíṣí àti mímú nǹkan jẹ́jẹ́ ló yẹ kó máa kọ́. Iṣẹ́ màmá sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ànkárá yáàdì mẹ́fà síwájú wọn lórí tábìlì. Kí àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, kí ọ̀tún máa ká a. Lẹ́yìn ìyẹn kí ìka òsì máa na ibi tó bá wú, kí ó máa tì í lọ síwájú. Bí ó bá ti rọrùn, kí ọwọ́ méjèèjì jọ ká a. Ẹ lè pe oníbàárà kan wá kí ó máa ná ọjà. Mo ti rí ìyá kan tí kò dá mi lóhùn nígbà tí mo ní "ẹ na ọwọ́," ṣùgbọ́n tó na ọwọ́ náà ṣánṣán nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta léèsì ní iye tí kò tọ́.

Ti ẹsẹ̀ ńkọ́? Irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù, ó ti wà nílé yín, àga ni. Ẹni tí kò lè dìde, dídìde ni kí ó máa fi dánra wò. Ẹ wá àga tó dúró gbọin, ẹ fi fóòmù gbé ìjókòó rẹ̀ ga títí màmá á fi lè dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni fà wọ́n. Kí wọ́n sún sí etí àga, kí wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kọjá orúnkún díẹ̀, kí ti òsì fi díẹ̀ wà lẹ́yìn ti ọ̀tún. Ibi tí àṣírí wà nìyẹn: bí ẹsẹ̀ tó lágbára bá wà lẹ́yìn, òun nìkan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ti òsì á kàn máa wò ó níran. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú dáadáa, kí wọ́n tó ti ara sókè. Kí jíjókòó padà náà lọ́ra, bí BàbáOrúnkún ti wí. Bí ó bá ti rọrùn fún wọn ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ yọ fóòmù kan kúrò. Kí ẹnìkan dúró tì wọ́n lápá òsì ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ó wá kan rọ́bà. Òun gan-an ni mo ní kí ó ná owó lé lórí, torí kò wúwo, kò gba àyè, a sì lè mú un le sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan o, kálukú ló ń kun tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Nínú ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Thera-Band, láti yẹ́lò ó lọ sí pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, dúdú. Bí ẹ bá fa yẹ́lò títí gígùn rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì, ó ń fà yín padà pẹ̀lú agbára bíi kílò 1.3, dúdú ń lọ sí bíi 3.3. Kí àbúrò yín ka ohun tó wà lára páálí kí ó tó sanwó.

Ẹ so ó yí itan méjèèjì ká, lókè orúnkún, kí màmá jókòó, kí wọ́n máa ya orúnkún síta. Èyí ń fún ẹ̀gbẹ́ ìbàdí lágbára, ibẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí èèyàn lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tó bá ń gbé èkejì. Ẹ tún lè fi gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, kí wọ́n di etí méjèèjì mú ní ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n máa ti ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ti apá, ó di ìgbà tí ẹni tó ń tọ́jú wọn bá fọwọ́ sí i.

Kí wọ́n máa kà á sókè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹni tó ń kà kò lè sé èémí, sísé èémí ló sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru fò sókè. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní jẹ́ kí aláìsàn mi gbé ohunkóhun lọ́jọ́ tí nọ́ńbà òkè lára ẹ̀rọ bá tó 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá tó 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára; fún ẹni tó bá ti pé 65, èyí tó pa agbára àti ìdúróṣinṣin pọ̀, ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti dídìde lórí àga, ojoojúmọ́ lèmi ń fẹ́ ẹ.

Àbíkẹ́_Mọ́níyà

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti pe àbúrò mi, mo ní kí ó pa okùn ilẹ̀kùn àti gbogbo irin rẹ́. Ó bínú díẹ̀, ó ti fẹ́ràn dọ́ńbẹ́ẹ̀lì yẹn.

Màmá ti ń ká aṣọ láti àná. Wọ́n ní mi ò mọ aṣọ ká, wọ́n tú èyí tí mo ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Òrí ni wọ́n fi ń pa ara láràárọ̀, ṣé kò ní ṣe rọ́bà ní nǹkan kan? Bí a bá dé orí ti apá, ṣé mo lè so rọ́bà mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn? Tìúbù ọ̀kadà tí bàbá sọ ńkọ́? Bí àyè bá sì kù nínú kílò márùn-ún, ṣé kí ó ra kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn?

Físíò_Ọ̀ṣogbo

Òrí, àdí, fasilín, gbogbo nǹkan ọlọ́ràá ló ń jẹ rọ́bà yẹn, á kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́wọ́, lẹ́yìn náà á ya. Kí wọ́n ṣe ìdárayá tán kí wọ́n tó para, tàbí kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn kí rọ́bà gba orí aṣọ. Bí ara bá ń yún wọn níbi tó kàn, ẹ dá a dúró, oríṣi kan wà tí kò ní latex (oje igi rọ́bà) nínú, ìyẹn ni kí ẹ wá.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn, rárá. Ẹnìkan á ṣí ilẹ̀kùn lójijì, rọ́bà á já bọ́ sójú màmá. Irin ojú fèrèsé ni kí ẹ so ó mọ́, ibi tí irin náà ti dán tí kò ní ìpẹta tó mú. Ọwọ́ tí kò tíì lè di nǹkan mú, ẹ so rọ́bà ní ìkókó kí ó gba ọrùn ọwọ́ wọn, kò gbọdọ̀ há. Ẹ má fa rọ́bà kọjá ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, ẹ sì máa yẹ etí rẹ̀ wò. Bí ó bá ti já díẹ̀ níbì kan, ẹ gé e dànù.

Tìúbù ọ̀kadà dára fún irú orúnkún BàbáOrúnkún. Fún ẹsẹ̀ òsì màmá, ó ti le jù báyìí.

Kí ó ra yẹ́lò, pupa àti àwọ̀ ewé, mítà méjì méjì, pẹ̀lú bẹ́líìtì ìbàdí. Gbogbo rẹ̀ kò ní tó kílò kan ààbọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà lè wọ inú èyí tó kù bí ó bá ní bẹ́líìtì ẹsẹ̀. Ó ń tú oríkèé tó ti gan, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àga. Tí ẹrù bá dé, ẹ má kó rọ́bà sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ tàbí ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Ẹ bu pọ́dà díẹ̀ sí i, ẹ ká a, ẹ fi sínú wọ́dúróòbù.