Ọmọ mi ò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ mọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti lé wa nílé. Yàrá kan ní ibùwọ̀ àwọn aláìnílé ni èmi àtàwọn ọmọ mi méjèèjì wà. Èyí àgbà, ọmọ ọdún 8, ń gbé báàgì ìwé rẹ̀ sùn ni, tòun ti bàtà nínú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá tún ní ká jáde, òun ti wà ní sẹpẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé tún ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá a wí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ń pàlọ́ fún wọn lálaalẹ́, mi ò sì pààrọ̀ ilé ìwé wọn bó tilẹ̀ jìnnà, torí ibẹ̀ nìkan ni ò tíì yí padà fún wọn.

Ṣé kí n gba báàgì náà ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè sọ fún olùkọ́ wọn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ò ní gbọ́? Èmi gan-an, balùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún kí wọ́n má baà rí mi. Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀?