Ẹ gbà mí o: oògùn wo ni kí n rà kí flap ẹsẹ̀ ọkọ mi má baà kú?

Ìyá Dámilọ́lá: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó ẹkún. Wọ́n yí awọ àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọkọ mi wá bo egungun tó hàn síta; òun ni wọ́n ń pè ní flap. Dókítà tó bá wọlé, tirẹ̀ ló ń sọ. Nọ́ọ̀sì kan ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Àbúrò ọkọ mi náà ń pariwo pé èmi ni mo fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ. Ta ló fẹ́ kó fọwọ́ sí i, nígbà tí òun ò gbé fóònù? Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dá wa padà sílé. Etí flap yẹn ti wá ń dúdú. Mo kà á pé àwọn oògùn kan ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀: ìpara nitroglycerin, pentoxifylline, aspirin. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kí n ní sùúrù.

Bọ̀dé A.: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Nígbà tí wọ́n gé ọmú ìyá mi nítorí jẹjẹrẹ, ìpara nitroglycerin ni wọ́n fi pa awọ tó kù, kò sì kú. Ẹ rà á. Sildenafil náà ń la iṣan, ẹ lò wọ́n pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bọ̀dé, ẹ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò! Nitroglycerin àti sildenafil kì í pàdé lára ẹnì kan. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè pààyàn. Ìyá Dámilọ́lá, ẹ ò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é? Ṣé ibẹ̀ funfun, ó sì tutù? Àbí ó wú, ó dúdú bí aró? Tí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ṣé àwọ̀ rẹ̀ tètè ń padà? Èyí tó funfun tó tutù, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ ni. Èyí tó wú tí àwọ̀ ń sáré padà, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rọ́nà jáde ni. Ìtọ́jú wọn ò papọ̀.

Alàgbà Túndé: Ṣé ó ń mu sìgá?

Ìyá Dámilọ́lá: Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Kò mu sìgá mọ́ sà, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù nicotine ló ń jẹ, mo rò pé ìyẹn dáa. Ẹ dákun, oògùn ni mo béèrè.

Alàgbà Túndé: Ọmọ mi, nicotine gan-an ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ì báà jẹ́ nínú èéfín tàbí nínú ṣingọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n rán ìka mi padà, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Eṣúṣú ni wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ tó dúró sínú ìka náà.

Bọ̀dé A.: Eṣúṣú kẹ̀? Láyé òde òní?

Alàgbà Túndé: FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní 2004. Kì í ṣe ti inú odò o! Wọ́n tún fún mi ní oògùn apakòkòrò, torí kòkòrò Aeromonas tó wà nínú ìfun rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ọ̀pọ̀ oògùn tí ẹ ń kà nípa wọn, awọ ẹ̀yìn eku ni wọ́n ti dán wọn wò, awọ eku ò sì lẹ̀ mọ́ ẹran bíi tiwa. Wọ́n dán ìpara tí Bọ̀dé sọ wò lára àwọn obìnrin tí wọ́n gé ọmú fún, ó sì dín awọ tó kú kù. Flap ojúgun kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹ dáhùn ìbéèrè mi: ṣé ó wú?

Ìyá Dámilọ́lá: Ó wú. Ó dúdú bí ẹ ṣe wí, mo tẹ̀ ẹ́, kíá ló padà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rin báńdéèjì lánàá, ni àbúrò rẹ̀ bá fi báńdéèjì tó ń fà dè é lé e dáadáa. Ìyẹn tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, kò rin mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ TÚ U BÁYÌÍ! Báńdéèjì yẹn ló dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù lálẹ́ yìí. Ẹ má fi ìparakípara pa á. Wákàtí la fi ń ka irú èyí, kì í ṣe ọjọ́.

Ìyá Dámilọ́lá: Nọ́ọ̀sì tó fi mí wọ́lẹ̀ yẹn ló máa wà níbẹ̀ lálẹ́.

Alàgbà Túndé: Kó wà níbẹ̀. Ẹ lọ.

Ìyá Dámilọ́lá: A ti dé ibẹ̀. Wọ́n tú okùn díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n fi rán an, ẹ̀jẹ̀ dúdú jáde, àárín rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí etí rẹ̀ kú, torí ibẹ̀ ló jìnnà jù sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wọlé. Aspirin nìkan ló kọ. Ó gba ṣingọ́ọ̀mù náà, ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti fún wa ní bẹ́ẹ̀dì.

Bọ̀dé A.: Ọlọ́run ṣeun o. Àmọ́ ẹ ṣì béèrè ìpara yẹn lọ́wọ́ wọn.