Ikọ̀ mẹ́ta, "ó ti parí" mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ikọ̀ mẹ́ta la jọ ń kọ áàpù ìsanwó kan, ṣùgbọ́n "ó ti parí" ti kálukú yàtọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ikọ̀ kan ní bọ́tìnnì ìdápadà owó ti parí. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú fóònù kàn funfun báláú ni. Ikọ̀ kejì ò tíì dán apá tiwọn wò! Scrum Guide ti 2020 (ìwé ìtọ́sọ́nà fún Scrum, ìlànà kan tí àwọn ikọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀) ní kí irú àwa yìí jọ fẹnu kò sí Definition of Done kan ṣoṣo, ìyẹn àdéhùn lórí ohun tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ká tó lè sọ pé ó ti parí. Mo kọ ọ̀kan, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. A ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì, àríyànjiyàn ló dà. Ó ń dùn mí, torí oníbàárà ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni gbogbo ikọ̀ ṣe lè fara mọ́ ìlànà kan láìjẹ́ pé ọ̀gá fipá mú wọn? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.