Ẹ̀rọ ṣúgà tí mo fi ránṣẹ́ sí Màámi ní Ìsánlú

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi. Lówùúrọ̀ yìí ni wọ́n pè mí tayọ̀tayọ̀ pé ṣúgà àwọn ti wálẹ̀, ó ti di 14. Ti kẹ́míìsì kì í wálẹ̀ ju 160 lọ. Wọ́n ní àwọn ò lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ wọn, mọ́ láti àná. Ṣé kí n bá wọn dúpẹ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Kàbà, Birmingham: Ẹ má tíì dúpẹ́ o! Ìwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń ka ṣúgà. Ẹ̀rọ tí à ń rà ní ìlú ọba níbí, mmol/L ló ń kà. Èyí tó pọ̀ jù nílé, mg/dL ni. Ká tó lè sọ mmol/L di mg/dL, ìlọ́po 18 ni: 14 lọ́nà 18, 252 ló jẹ́. Ẹ sọ fún Màámi pé múdù ni ẹ̀rọ yín fi ń wọn gàrì, ife ni ti kẹ́míìsì. Múdù 14 kì í ṣe ẹgbẹ́ ife 160. Ẹ pe dókítà wọn lónìí, kó sọ bí wọn ó ṣe padà sídìí oògùn. Orí oúnjẹ ni kí wọ́n máa lò ó, kó má baà dà wọ́n nínú rú. Kí wọ́n má sì lo ìlọ́po méjì torí èyí tí wọ́n fò. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n ṣáá tàbí tí wọ́n ń bì, ọsíbítù ni kíákíá.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú: kí ni wọ́n fọwọ́ kàn kí wọ́n tó gún ìka?

Bọ̀dá Mọ́pà, Houston: Ti Amẹ́ríkà níbí ń ka mg/dL bíi tilé. Àmọ́ péépà tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí ni wàhálà, torí ti ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu. Èyí tí mo rà fún bàbá mi lówó lórí gan-an, péépà rẹ̀ tán, a wá a títí dé Lọ́kọ́ja, a ò rí. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ń fi í ṣe fóònù báyìí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n ń tà nítòsí wọn.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Iyán ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Kàbà, Birmingham: Tẹ́ ẹ bá ní kí ìyá Okun má jẹ iyán, ìjà lẹ ń wá. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹja wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, kí wọ́n wo ṣúgà. Ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ sọ bí iyán ọ̀hún ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń sọ pé wíìtì àti àmàlà ò ní ṣúgà nínú, ẹ má dá a lóhùn.

Ọmọ Ìsánlú, Leeds: Mo ti pè wọ́n. Máńgòrò ni wọ́n ń bó lọ́wọ́ tí wọ́n fi gún ìka! Wọ́n fọwọ́, wọ́n nù ún gbẹ, ó di 11.3. Mo ṣírò rẹ̀, ó lé ní 203, ó ṣì ga. Dókítà ti ní kí wọ́n padà sí oògùn lálẹ́ yìí, kí wọ́n sì wá lọ́jọ́ Ajé. Àbúrò mi ti kọ «lọ́nà 18» sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Màámi ní ta ló kó múdù wọ inú ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn.